Jẹ́nríyìn Aládàá Orí Omi, Ẹni Tí Ó Tún Èbúté Mọ́sùn Tẹ̀ Dó

Ìlú Èbúté Mọ́sùn ti kú tán nígbà kan rí, sísin rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹni tí ó bá rí àwọn àlejò tí ń tò sí èbúté wa lónìí, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn yí ọ̀sà ká, kò ní gbà pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n fojú rí i kò tíì tán nílẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìlú náà ti ń jẹun lórí omi. Omi wa kì í ṣe ọ̀sà kan ṣoṣo. Ọ̀sà ń já sí ọ̀sà, ìṣàn omi tẹ́ẹ́rẹ́ so èyí mọ́ tọ̀hún, àwọn erékùṣù kéékèèké sì fọ́n ká sí àárín wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ọ̀nà lè tukọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀ kí ó tún bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti gbéra. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn tí kì í gba ọwọ́ àwọn atukọ̀ wa kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba la títì ọ̀dà gba orí ilẹ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí díẹ̀ rin ìrìn odindi ọjọ́. Èrò kúrò lórí omi. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, koríko àjèjì kan tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò gba orí omi wọlé. Ó ń léfòó, ó ń bí sí i, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní láti bèbè kan dé èkejì. Ọkọ̀ kò lè kọjá, àwọ̀n kò lè wọ omi, ejò sì rí ibùgbé.

Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ lọ, àwọn àgbà sì tẹ̀lé wọn. Wọn kì í dágbére pé àwọn ń kó lọ. Ẹnìkan á ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun létí títì, ẹlòmíràn á ní eyín ló ń dun òun, òun ń wá oníṣègùn. Eyín wo ni wọ́n ń tọ́jú láti ìgbà yẹn wá, a kò tíì mọ̀ dòní. Ilẹ̀kùn wọn wà ní títì pa, òjò ń ba òrùlé wọn jẹ́, àwọn ilé orí òpó sì ń tẹ̀ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, ènìyàn lè jí láàárọ̀ kí ó rin etí èbúté já láìrí ẹni tí yóò bèèrè bóyá ó sùn dáadáa.

Nínú ìlú tí ó ti dá páropáro yìí ni Jẹ́nríyìn ń gbé, obìnrin gíga, eléjìká atukọ̀, ẹni tí kì í pariwo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dé ibi tí ó ń lọ. Akíntimẹ́hìn ni ọkọ rẹ̀, ọ̀gá àwọn atukọ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ èrò tí ó tóbi jù ní gbogbo etí ọ̀sà. Ní ọdún tí títì ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba èrò lọ́wọ́ wa, ìjì dé bá ọkọ̀ náà ní àárín Ọ̀sà Ńlá, ó sì dojú dé. Akíntimẹ́hìn fa àwọn èrò rẹ̀ sórí igi ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún padà sínú omi nítorí ẹnìkan tí ó ṣẹ́kù. Ẹni náà là, òun kò là. A rí ọkọ̀, a kò rí ọlọ́kọ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí omi gbé tí a kò rí òkú rẹ̀ kì í ní sàréè, a kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Orí omi ni a ti ń pè é. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ a tukọ̀ lọ sí ibi tí à ń pè ní Ojú Ìpè, ní àárín Ọ̀sà Ńlá, wọn a pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ a sì panu mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dáhùn ti gba ipò olóògbé náà, kò sì ní pẹ́ tẹ̀lé e. Wọ́n tún ní ilé tí kò bá pe ẹni tirẹ̀, ẹni náà yóò gbàgbé ọ̀nà ilé, yóò di omi lásán. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ń kó lọ, kí wọ́n tó lọ wo eyín wọn, wọn a yà sọ́dọ̀ Jẹ́nríyìn, wọn a ní, ìyá Tẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa pe tiwa. Kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ilé ti ń ṣófo ni orúkọ ń pọ̀ sí i lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan ló fi ń lọ sí Ojú Ìpè, ó ń fi àjẹ̀ la koríko, ó ń pe àwọn ènìyàn tí kò bá tan, títí yóò fi kan ọkọ rẹ̀ tí ó máa ń pè kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà yóò jókòó. Kò sí ohun tí yóò gbọ́ ju omi tí ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó ń dùn ún púpọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Akíntimẹ́hìn bí. Ọlátẹ́jú ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló sì ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Fínláǹdì, lọ́nà jíjìn níbi tí òtútù wà. Láti ọjọ́ tí omi ti gbé bàbá rẹ̀, kò dé Ojú Ìpè rí, bí ìyá rẹ̀ bá sì mẹ́nu kàn án, á yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún kan ó wálé, ó ní òun wá kó ìyá òun lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo koríko. Nítorí kí ọ̀rọ̀ má baà tán, ó ń sọ fún un nípa ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́: pé adágún omi pọ̀ níbẹ̀ ju ìlú lọ, pé adágún ń já sí adágún gẹ́gẹ́ bí ọ̀sà wa, igi sì dúró yí wọn ká, àti pé ọkọ̀ èrò ni òun wà.

“Níbo lẹ ń gbé àwọn èrò náà lọ?” ni Jẹ́nríyìn bi í.

“A kì í gbé wọn lọ síbì kankan, Màámi. Wọ́n á wo omi, wọ́n á wo igi, wọ́n á mu tíì, a ó sì gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti wọkọ̀.”

Jẹ́nríyìn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun náà kò níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó bèèrè bóyá omi wọn dára ju tiwa lọ. Ọmọ rẹ̀ ronú, ó ní kò dára jù ú, pé nígbà òtútù tiwọn ń di yìnyín, ọkọ̀ kankan kì í sì í lè rìn lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tún bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí yìnyín náà. Ọlátẹ́jú ní wọ́n ń fọ́ ọ ni, wọ́n ní ọkọ̀ tí ń ṣíwájú tí ń fọ́ ọ kí ti èrò lè kọjá. Jẹ́nríyìn yíjú sí omi. Ó ń wo koríko tí ó bo ọ̀sà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Nígbà tí Ọlátẹ́jú ní kí ó di ẹrù rẹ̀, ìbéèrè kan ni ó fi dá a lóhùn. Ó ní, “Ta ni yóò máa pe bàbá rẹ?” Ọlátẹ́jú wolẹ̀. Kí ó tó padà lọ, ó tún ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tí ó wà lórí iyanrìn ṣe, ó dí gbogbo ojú ihò rẹ̀, ó sì ra ẹ́ńjìnnì sí i. Mo rò pé ohun tí kò lè fi ẹnu sọ ló fi ọwọ́ ṣe. Ó lọ, ilé sì tún dákẹ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Baálẹ̀ Adékànńbí pe gbogbo ẹni tí ó kù jọ. Gbogbo wọn kò kún ìta Baálẹ̀. Baálẹ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jẹ Baálẹ̀ lórí ilé tí a tì pa ni. Ó ní ìjọba ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wa létí títì, pé iná mànàmáná wà níbẹ̀ àti omi ẹ̀rọ, àti pé bí òjò bá dá, kí gbogbo wa kó lọ. Ó ní ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kí ó sọ. Àwọn ènìyàn wo ilẹ̀. Nígbà náà ni Jẹ́nríyìn dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Baálẹ̀ wa, ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ ti sọ ohun tí ìjọba wí, mo sì gbọ́ ọ. Iná wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, n kò bá yín jiyàn. Ìbéèrè kan ni mo ní. Àwọn tí wọ́n wà nínú omi ńkọ́? Ṣé ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn náà létí títì? Bí a bá kó lọ, ta ni yóò máa dúró lórí ọ̀dà pè wọ́n? Ẹ fún mi ní àkókò òjò yìí nìkan. Bí mo bá la ọ̀nà omi yìí, tí àlejò sì gba ibẹ̀ wá wo ọ̀sà wa kí ọyẹ́ tó fẹ́, ẹ jẹ́ kí a dúró sílé wa. Bí n kò bá là á, èmi ni n ó kọ́kọ́ di ẹrù mi.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Wọ́n bi ara wọn léèrè pé àlejò wo ni yóò fi títì sílẹ̀ kí ó wá wo omi. Baálẹ̀ ní òun gbà. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó gbà nítorí pé ó dá a lójú pé kò ṣeé ṣe.

Jẹ́nríyìn bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu èbúté. Ó wọ inú omi dé àyà, àdá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fi tòsì fa gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ rírọrùn ni láti wí pé ó gé koríko, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kàn án rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń gé kí ó tán. Gbòǹgbò rẹ̀ ń so mọ́ra wọn bí irun tí a kò yà. Ohun tí ó bá gé láàárọ̀, afẹ́fẹ́ a kó o padà wá dí ojú ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí i léraléra, ó jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Ó nu ojú ara rẹ̀, ó sì wò yíká, ó rí àwọn ọgbà ẹja tí àwọn tí ó kó lọ fi sílẹ̀, tí ọparun wọn ṣì dúró nínú omi láìní ẹja, láìní ẹni tí ó ń ṣọ́ wọn. Ó fà wọ́n tu. Ó ri ọparun náà mọ́lẹ̀ ní apá méjèèjì ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń fi okùn so koríko tí ó bá gé mọ́ wọn, títí koríko náà fi di ògiri tí ń dá koríko yòókù dúró. Ọgbà àwọn tí ó sá ló fi la ọ̀nà fún àwọn tí yóò wá.

Báyìí ló ṣe la ọ̀nà náà láti ìṣàn omi kan dé èkejì, ní gbogbo àkókò òjò, lóun nìkan. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Eṣúṣú mu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ kan, òjòlá kan ká mọ́ ọparun tí ó fẹ́ fà tu, tí wọ́n sì jọ wo ara wọn. Jẹ́nríyìn ní kí ó máa lọ, pé òun kò bá a jà, ilé òun lòun ń tún ṣe. Wọ́n ní ejò náà tú ara rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kí ó gbà á. Ohun tí ó dájú ni pé Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí etí omi láràárọ̀. Kì í sọ̀rọ̀, kì í ràn án lọ́wọ́, á kàn jókòó síbẹ̀ títí Jẹ́nríyìn yóò fi gba ìsépo omi lọ tí kò ní rí i mọ́. Nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni a ti kọ́kọ́ kì í ní oríkì tí a fi ń kì í títí dòní:

Jẹ́nríyìn, aládàá orí omi,
ó gé e, ó hù, ó tún gé e,
aya ẹni tí omi gbé tí kò bá omi yan odì,
a-dá-nìkan-la-ọ̀nà-ọ̀pọ̀-ènìyàn.

Ọ̀nà là tán, ṣùgbọ́n kò sí èrò. Jẹ́nríyìn wá wọ aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí gáréèjì etí títì, ó ń pe ènìyàn kí wọ́n wá wọkọ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà ní, Màmá, níbo lọkọ̀ yín ń lọ? Ó ní ọ̀sà ni. Wọ́n ní ibo nínú ọ̀sà? Ó ní, “A ó yí i ká, a ó sì padà síbi tí a ti gbéra.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Kò-Lọ-Síbì. Ó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń padà wálé lójoojúmọ́ lóun nìkan. Afẹ́fẹ́ ti ń gbẹ, ètè sì ti ń là. Ọyẹ́ kù díẹ̀ kí ó fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì kan kọṣẹ́ sí gáréèjì náà. Mẹkáníìkì ní ilẹ̀ yóò ṣú kí òun tó tún un ṣe tán. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú àwọn èrò rẹ̀, Ẹ̀gbá ni, Alàgbà Ṣówándé lorúkọ rẹ̀, ẹni tí ó wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ bí àwọn dẹ́rẹ́bà ṣe ń fi Jẹ́nríyìn ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì pè é. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi gbé ènìyàn lọ síbi tí wọ́n ń lọ, pé òun fẹ́ rí bí ó ti ń rí kí ènìyàn má lọ síbì kankan. Nígbà tí àgbà ti dìde, àwọn tí ó kù nínú bọ́ọ̀sì náà tẹ̀lé e, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Baálẹ̀ náà wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Wọ́n wo ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba àárín ògiri koríko tí ó ti yọ òdòdó, wọ́n kọjá lábẹ́ igi ẹ̀gbà etí omi tí ẹyẹ òfú ajẹja jókòó lé, wọ́n rí erékùṣù tí imọ̀ ọ̀pẹ bò mọ́lẹ̀, obìnrin kan nínú wọn sì ní òun kò mọ̀ pé ibi tí kò láriwo báyìí ṣì kù láyé. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀sà Ńlá, atẹ́gùn tútù gbígbẹ kan fẹ́ wá láti òkè. Ọyẹ́ ni. Ojú Ìpè wà níwájú wọn, ọyẹ́ àkọ́kọ́ sì ti fẹ́, àṣà kò sì gba kí Jẹ́nríyìn kọjá láìpe àwọn tí omi gbé. Bí ó bá pè wọ́n, ẹ̀rù lè ba àwọn àlejò. Bí kò bá pè wọ́n, nítorí kí ni ó ṣe gé koríko? Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ fún wọn pé àwọn kan wà nínú omi níbí tí òun máa ń kí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dákẹ́. Ó pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe Akíntimẹ́hìn kẹ́yìn.

“Òo,” ni Alàgbà Ṣówándé dáhùn.

Baálẹ̀ di igi ọkọ̀ mú. Ó ní, “Ẹ ti ba ara yín jẹ́, Bàbá,” ó sì ṣàlàyé èèwọ̀ náà fún un. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láti gbogbo ọdún tí Jẹ́nríyìn ti ń pe orúkọ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn ènìyàn dá a lóhùn. Nígbà tí ó yá, ó bi bàbá náà pé kí ló dé tí ó fi dáhùn.

Alàgbà Ṣówándé ní, “Ìyá, nílé bàbá mi, bí wọ́n bá pe ẹni tí kò sí nílé, ẹni tí ó wà nílé ló ń dáhùn fún un. A kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa pe orúkọ sínú òfìfo. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe pe orúkọ yẹn. Ojú tì mí láti panu mọ́.”

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Baálẹ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Ó ní lóòótọ́ ni àlejò gba ọ̀nà omi wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni àlejò náà ti jẹ èèwọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́ títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi fẹ́. Bí bàbá náà bá padà wá láàyè, a ó dúró. Bí ó bá kú, a ó kó lọ, kò sì ní sí àríyànjiyàn. Alàgbà Ṣówándé rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ Jẹ́nríyìn, ó ní òun ti nílé síbí báyìí, òun yóò wá wo ilé òun.

Ọdún yẹn ló gùn jù nínú ayé Jẹ́nríyìn. Kò sí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ kú àárọ̀ lọ, nítorí wọ́n ní ó ti pa àlejò. Ọkọ̀ wà ní síso mọ́ òpó. Koríko ń hù, ó sì ń gé e, kí ọ̀nà má baà dí mọ́ bàbá náà. Nígbà mìíràn a máa dá dúró nínú omi pẹ̀lú àdá rẹ̀, a sì máa sọ “Òo” jẹ́jẹ́, láti rántí bí ó ṣe dún.

Ọyẹ́ fẹ́. Jẹ́nríyìn wà létí títì láti àárọ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá kan dúró, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pọ̀, Ẹ̀gbá ni wọ́n, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí bọ́ọ̀sì fi ṣófo. Alàgbà Ṣówándé kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ dúdú ló wá bá a, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ni Ìbídùnní, pé bàbá òun papò dà lóṣù tí ó kọjá. Jẹ́nríyìn kó wọn wá sí ìlú. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí ẹjọ́ tí a ti dá tẹ́lẹ̀.

Baálẹ̀ gbọ́, ó mi orí. Ó ní, “Ìyá Tẹ́jú, ẹ rí i.” Ìbídùnní tọrọ gáfárà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

“Bàbá wa ti ń ṣàìsàn kí ó tó wá síbí. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé kò ní rí òjò tí ó tẹ̀ lé e, ó kàn fi pamọ́ fún wa ni. Ó rí òjò náà, ó sì rí i dé ìparí. Ohun tí ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó wá kí i lórí ibùsùn ni pé òun ti rí ibì kan tí wọ́n kì í ti í gbàgbé ènìyàn. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, pé wọ́n ń pe ènìyàn, wọn kì í dá a lóhùn. Òun ló ní kí a wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pè é.”

Baálẹ̀ ní omi kọ́ ló gbé e, a kì í pe ẹni tí ó kú sórí ilẹ̀. Jẹ́nríyìn sọ pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá náà ti dáhùn fún ẹni wa. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó tú okùn ọkọ̀, àwọn Ẹ̀gbá sì wọlé. Nígbà tí ó ṣe, Baálẹ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀lé wọn. Ọkọ̀ gba àárín koríko lọ títí wọ́n fi dé Ojú Ìpè. Jẹ́nríyìn pe àwọn orúkọ. Nígbà tí ó kan Akíntimẹ́hìn, Ìbídùnní dáhùn ní ipò bàbá rẹ̀, láìgbọ̀n, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà Jẹ́nríyìn pe Ṣówándé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún, wọn kò rí ohùn. Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ọdún gbogbo. Baálẹ̀ Adékànńbí ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ní, “Òo. Kò sí nílé. Mo gbọ́.”

Báyìí ni ẹjọ́ Baálẹ̀ ṣe yí padà, tí Èbúté Mọ́sùn sì dúró. Baálẹ̀ náà kò sì kú. Ó lo ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí, ó tilẹ̀ pẹ́ ju bí àwọn tí ojú wọn wà lára oyè náà ti fẹ́ lọ. Àwọn Ẹ̀gbá ń padà wá lọ́dọọdún, wọ́n sì ń mú ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ó bá ti dáhùn fún ẹnìkan ní Ojú Ìpè ti di ará ilé ẹni náà, ó sì gbọ́dọ̀ wá wò ó. Ilé tí a tì pa ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó lọ wo eyín gbọ́, eyín wọn sì san. Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà títí dòní, Ọ̀nà Jẹ́nríyìn ni à ń pè é, kò sì sí atukọ̀ tí yóò gba iṣẹ́ nílùú wa tí kò ní kọ́kọ́ fi àdá gé koríko nínú omi dé àyà, lóun nìkan, kí ó lè mọ ohun tí ọ̀nà náà ná ẹni tí ó là á.

Jẹ́nríyìn dàgbà, ó sì kú sórí ibùsùn rẹ̀. Ọlátẹ́jú wálé láti Fínláǹdì wá sin ín. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó wọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì dé Ojú Ìpè fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó pe gbogbo orúkọ, àwọn èrò ń dáhùn. Ó pe Akíntimẹ́hìn, wọ́n dáhùn. Ó pe Jẹ́nríyìn kẹ́yìn. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọlátẹ́jú la ẹnu, ohùn kò jáde. Wọ́n dúró dè é, ó pẹ́, títí ó fi bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà náà ni gbogbo wọn jọ dá a lóhùn fún un.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá dé Ojú Ìpè, a kì í tètè dáhùn orúkọ Jẹ́nríyìn. Àwọn àlejò a máa wo ara wọn, wọn a rò pé a ti gbàgbé. A kò gbàgbé. A ń dúró díẹ̀ fún ẹni tí ó jìnnà, bóyá ohùn rẹ̀ yóò jáde lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó dáhùn.